Nítorí Igi Ọsàn Tí O Fẹ́ Wá Hú Lọ́jọ́ Sátidé

Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn,
Ọjọ́rú, láàárọ̀.

Fọlákẹ́ mi, Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Gbénga ọkọ rẹ, mo sì kí ẹ̀yin méjèèjì kú ilé tuntun. N kò ní béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo sì mọ̀ pé ara rẹ le. Èmi náà wà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń ro mí, ojú ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àìsàn o. Ó kàn rẹ̀ mí ni, irú èyí tí oorun kì í mú kúrò. Má tìtorí ẹ̀ rán Gbénga pé kó wá gbé mi lọ sí ọsibítù.

O sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú náà pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, o máa kó ọkùnrin mẹ́rin àti ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wá, ẹ máa hú igi ọsàn ìyá rẹ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ máa gbé e lọ gbìn síwájú ilé yín ní Mọ́níyà. O ní ìyá rẹ kò rí ilé náà kó tó kú, ó yẹ kí igi rẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. O wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ní mò ń gbọ́. O ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní ká ṣì máa wò ó. Mo mọ̀ pé o ti kà á sí pé mo ti gbà. N kò gbà. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù ni, nítorí bí mo bá sọ ọ́, wàá sunkún, bí ìwọ bá sì ti ń sunkún, láti kékeré rẹ ni n kì í ti í lè parí ọ̀rọ̀ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí. Gbénga ní òun máa yà kí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la bí òun bá ti ibi iṣẹ́ ní Agodi ń bọ̀. Òun ni n óò fi í rán sí ọ. Ó máa gùn. Jọ̀wọ́ kà á tán kí o tó pè mí. Kí o má baà máa wá ohun tí mo fẹ́ sọ kiri inú rẹ̀, mo sọ ọ́ báyìí: má hú igi náà. Igi tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ kì í yè tí wọ́n bá hú u. Ó máa kú sí ọ lọ́wọ́ ní Mọ́níyà, wàá sì máa rí òkú rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ tí o bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyẹn á sì dà bí ẹni pé ìyá rẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí mìíràn tún wà, ṣùgbọ́n ìyẹn nira fún mi láti kọ. Jẹ́ kí n ti inú àwọn tó rọrùn wá sí i.

O mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Láti Màpó títí dé Bẹẹrẹ, Tíṣà Àgbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ dá mi dúró ní Ọjà'ba, ó ní èmi ni mo kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. N kò rántí rẹ̀ rárá. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí òun àti àwọn yòókù ò mọ̀ ni pé igi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi pa nínú ọgbà ilé mi pọ̀ ju èyí tó yè lọ. Àwọn tí mo pa yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí o ní ilẹ̀ ńlá níwájú ilé báyìí, mo sì mọ irú ọmọ tí mo bí.

Èkíní, kòtò. Ọdún tí èmi àti ìyá rẹ ṣe ìgbéyàwó, mo ra igi máńgòrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta igi lẹ́bàá ọ̀nà Agodi. Wákàtí kan náà tí mo gbé e délé ni mo gbẹ́ kòtò. Ilẹ̀ le, oòrùn mú, mo sì fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Kòtò tí mo gbẹ́ kò fẹ̀ ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí mo rí i pé igi náà ń mì, mo kó erùpẹ̀ rọ́ mọ́ ọn lára títí tó fi bo ìdajì rẹ̀. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ gbìn ín ni àbí ẹ fẹ́ sin ín?" Mo ní kó jẹ́ kí ẹni tó kàwé rẹ̀ ṣe é. Kò tó oṣù méjì tí èèpo ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fi rà, igi náà sì kú. Ìyá rẹ kàn fi igi gbígbẹ náà dáná lọ́jọ́ kan, ó rí i dájú pé mo wà nítòsí.

Nítorí náà, gbẹ́ kòtò rẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí igi tó dé. Jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, kó jìn dé orúnkún rẹ. Erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè, kó o sọ́tọ̀. Èyí tó pupa tó wà nísàlẹ̀, kó o sọ́tọ̀. Kí o tó gbìn ín, po erùpẹ̀ dúdú náà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, kì í ṣe èyí tó ṣì ń gbóná o, nítorí yóò jó gbòǹgbò. Ibi tí erùpẹ̀ inú ọ̀rá dé lára igi náà, ibẹ̀ náà ni kí erùpẹ̀ tìrẹ dé, kó má kọjá ibẹ̀. Ilé tuntun sì ni tiyín, àwọn bíríkìlà ti da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì sílẹ̀ kiri. Ṣa gbogbo rẹ̀ dànù kí o tó gbin ohunkóhun. Bákan náà ni nínú ilé. Mo gbọ́ pé o fẹ́ kó àga, àpótí aṣọ, kọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kí oṣù tó parí. Ẹ kọ́kọ́ máa gbé inú rẹ̀ ná, ilé náà á sọ ohun tó ń fẹ́ fún yín.

Èkejì, àyè. O rántí Alájì Télọ̀, aládùúgbò wa tó ń rán aṣọ, tó máa ń fún ọ ní àgékù aṣọ fi rán ẹ̀wù bèbí rẹ. Èmi ni mo gbin igi àgbálùmọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Nígbà tí mo gbìn ín, kò ga ju gègé ìkọ̀wé mi lọ. Ó dàgbà o. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Alájì kanlẹ̀kùn wa. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ilé o. Mo ní kí n wá sọ fún yín pé àgbálùmọ̀ yín ti dé yàrá mi."

Mo ní, "Báwo, Alájì?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ ni mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti gbé sìmẹ́ńtì ilẹ̀ sókè. Ògiri náà ti là láti òkè délẹ̀, mò ń rí ẹ̀yìnkùlé yín látibi tí mo sùn sí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, ẹ má bínú. Ó yà mí lẹ́nu gan-an ni."

Ó ní, "Kò ya èmi lẹ́nu o. Ọjọ́ tí ẹ gbìn ín ni mo ti rí i. Mo ní Tíṣà Àgbẹ̀ ni, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gé àgbálùmọ̀ náà. Ọdún náà gan-an ló kọ́kọ́ so dáadáa. Èmi àti Alájì jọ mọ ògiri náà padà, òun ń po ẹrẹ̀, èmi ń to búlọ́ọ̀kù, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sọ mí títí Ọlọ́run fi pè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ojú ibi tí a lẹ̀ yẹn, ojú máa ń tì mí. Bí o bá fẹ́ gbin igi, má wo bó ṣe kéré tó nínú ọ̀rá. Lọ wo èyí tó ti dàgbà nínú ọgbà ẹlòmíràn, kí o dúró lábẹ́ rẹ̀, kí o wo ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ dé. Ogún ìṣísẹ̀ ni kí igi ńlá fi jìnnà sí ògiri, sí kànga, àti sí sọ́kàwéè yín. Kí o sì lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ kí o tó gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà wọn. Bá wọn sọ̀rọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa igi. Nígbà tí ó bá so, tiwọn ni kí o kọ́kọ́ ká.

Ẹ̀kẹta, sùúrù, èyí tí ìwọ ò ní rárá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà tí mo fún ọ ní ẹ̀wà mẹ́fà pé kí o gbìn ín sínú agolo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, o ti hú gbogbo rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti hù. O dá a padà. Ọjọ́ kẹta, o tún hú u. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, o sunkún wá bá mi pé ẹ̀wà tí mo fún ọ ti kú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún yìí, o tún ní igi píà tí o rà ti wọ́ ewé dànù, pé o fẹ́ hú u sọ nù. Àṣàkẹ́, má hú u. Igi tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nípò máa ń ju ewé sílẹ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀ ibi tó ti kúrò ni. Fi èékánná rẹ ha èèpo ara rẹ̀ díẹ̀. Bí o bá rí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ó wà láàyè, máa bomi rin ín kí o sì fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ lo rí, sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kí o tún ha ibẹ̀ wò. Gbénga náà, bí ó bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá jà, má máa fi ojoojúmọ́ béèrè ohun tó ń rò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà jẹ́ ẹni tó máa ń dákẹ́, mo mọ bó ṣe ń rí.

Oòrùn ti dé orí àga mi, orí mi sì ń fọ́. N óò dúró níbí.

Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀.

Mo jí, mo gbàdúrà, mo jẹ búrẹ́dì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo padà wá, mo tún lọ. Ó yẹ kí n ti parí ìwé yìí lánàá. Gbénga yóò dé ní ìrọ̀lẹ́, n kò sì ní àwáwí kankan mọ́. N kò tilẹ̀ rántí iye tí mo ti kà dé. Jẹ́ ká sọ pé ẹ̀kẹrin ló kù, òun náà ló wúwo jù.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Bí o bá fẹ́ ṣí igi nípò, àkókò òjò ni kí o ṣe é, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù dénú, ní ìrọ̀lẹ́, kí o gé ìdajì ewé rẹ̀ dànù, kí o sì gbé e tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Má ṣí igi nípò nínú ọyẹ́ láé. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Lọ́dọọdún ni mo ń fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó. Lọ́dún kan, mo kọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó di Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n má ṣe.

Igi ọsàn ìyá rẹ ni mo ṣí nípò. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ló wà tẹ́lẹ̀. O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, o ò lè rántí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló wà, lójú ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà wọlé. Bàbá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni bàbá àgbà yẹn ní abà wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe igi náà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Igi ọsàn tó bá dùn dáadáa, igi méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọsàn kíkan ni wọ́n fi ń ṣe ìsàlẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ le, kì í tètè kú. Wọ́n á gé ojú kékeré kan lára ọsàn dídùn, wọ́n á tì í bọ inú èèpo ọsàn kíkan yẹn, wọ́n á fi ọ̀rá dì í títí wọn ó fi jọ di ọ̀kan. Wọ́n á wá gé orí ọsàn kíkan kúrò, èyí tó dùn á sì máa dàgbà lọ. Ohunkóhun tó bá tún hù lábẹ́ ibi tí wọ́n ti so ó, gígé ni kí wọ́n gé e, nítorí ọsàn kíkan ni.

Igi náà ti so lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà, n kò sì tíì jẹ ọsàn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ìyá rẹ máa ń kà wọ́n lórí igi, ó mọ iye tó wà níbẹ̀.

Mo wá ra mọ́tò. Ọkọ̀ ìjàpá àlòkù ni, mọ́tò àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa. Ọ̀pọ̀ ilé ni mọ́tò ò lè dé ní Àrẹ̀mọ, ṣùgbọ́n ó lè dé tiwa, àfi igi ọsàn yìí tó dúró síbi tí mo fẹ́ kó máa wà. Ìyá rẹ ti lọ sí Ìsẹ́yìn lọ bá àbúrò rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, ó pọ̀n ọ́ lọ. Ogójì ọjọ́ ló fẹ́ lò. Mo rò ó pé bó bá dé tó bá mọ́tò níbẹ̀, tó sì bá igi rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, inú rẹ̀ á dùn sí méjèèjì. N kò lè dúró de òjò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá wo mọ́tò náà ní ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀sán gangan ni mo hú u, nínú ọyẹ́, ètè mi ń là, mo sì ń súfèé. Gbòǹgbò àárín rẹ̀ jìn ju bí mo ti rò lọ, mo bá fi àdá gé e. Erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ fọ́ dànù nígbà tí mo gbé e. Kòtò ọjọ́ kan náà ni mo gbẹ́ fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Mo da garawa omi mẹ́ta sí i, mo lọ wẹ̀, mo lọ nu mọ́tò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ewé rẹ̀ fi ká kò. Mo fi èékánná ha orí rẹ̀, ó ti gbẹ. Mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbẹ. Mo ń ha á bọ̀ nísàlẹ̀ lójoojúmọ́, títí mo fi kọjá ibi tí bàbá àgbà ti so ó. Níwọ̀n ìka mẹ́ta sí abẹ́ ibẹ̀, mo rí àwọ̀ ewé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ ewé méjì yọ níbẹ̀.

Fọlákẹ́, mo mọ ohun tí ewé yẹn jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé bàbá rẹ kò mọ̀ ni, má gbà á gbọ́. Ọsàn dídùn ti kú. Ọsàn kíkan ló kù. Mo rẹ́ orí igi náà tó ti gbẹ dànù, mo fi ẹrẹ̀ kun ojú ibi tí mo ti rẹ́ ẹ kó má baà hàn, mo sì jẹ́ kí ewé méjì yẹn máa dàgbà.

Ìyá rẹ dé. Ó rí mọ́tò, ó ní, "Ẹ kú oríire o," ó fi ọwọ́ kan án. Lẹ́yìn náà ló ní, "Igi mi ńkọ́?" Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní mo fẹ́ kó máa rí oòrùn dáadáa ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ igi náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó já ewé kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ó ti kéré." Mo ní ó máa bọ̀ sípò. Ó ní, "Ó dáa," ó sì wọlé lọ tú ẹrù rẹ̀. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, bàbá rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó tún lè ṣe òmíràn fún un.

Nígbà tí igi náà so, ara èso rẹ̀ rí págunpàgun. Ìyá rẹ bó ọ̀kan, ó lá a, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. Mo sáré sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dáa. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ ilẹ̀ náà." Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń fi í fọ ẹja. Ó ń fún un pọ̀ mọ́ oyin fún ọ bí o bá ń wúkọ́. Ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn aláboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí àlejò bá béèrè, á ní, "Ọsàn tí bàbá mi fún mi ni." Ọmọ ọlọ́sàn ni ìyá rẹ, Fọlákẹ́. Ó ti mọ ewé ọsàn dídùn yàtọ̀ sí ti kíkan kó tó mọ ABD. Mo rò pé ọjọ́ tó ti Ìsẹ́yìn dé ló ti mọ̀, nígbà tó rún ewé yẹn.

Mo ta mọ́tò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ó máa ń kú sójú ọ̀nà ní Bẹẹrẹ, wọ́n á máa tì mí.

Ohun tó kù tí mo ní láti sọ nìyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ara ìyá rẹ ò yá mọ́, mo máa ń gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi náà ní ọ̀sán kó lè gba atẹ́gùn. Lọ́jọ́ kan, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, igi yìí, ṣé ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi nípa rẹ̀?"

Mo ní, "Bíi kí ni?"

Ó wò mí. Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o. Ojú ẹni tó ń dúró de nǹkan ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ tí mo fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo ní kòkòrò ti ń jẹ ewé rẹ̀, mo máa fín in lóògùn. Ó ní, "Ó dáa." Kò bi mí mọ́. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe igi ló ń dùn mí, ọmọ mi. Igi ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ó dúró lẹ́nu rẹ̀, n kò sì wọlé. Ó rẹ̀ mí láti máa ru ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí o wá ní o fẹ́ gbé igi náà lọ kí ọwọ́ ìyá rẹ lè wà nílé rẹ, n kò mọ bí mo ṣe lè dákẹ́ kí o gbé irọ́ mi lọ gbìn síwájú ilé rẹ. Bínú sí mi bí o bá fẹ́. O ní ẹ̀tọ́ sí i.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti kọ síbí, bí o bá gbàgbé ti kòtò àti ti ìgbẹ́ adìẹ, di èyí mú: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ilé yẹn, sọ fún Gbénga lọ́jọ́ náà. Má dúró dìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn tí o máa fi wé e. Sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jà sí i, kó sì tán. Bí òun náà bá wá sọ tirẹ̀, má jẹ́ kó kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́.

Mo ti gbin kóró igi náà sínú ọ̀rá, mẹ́fà ló hù. Gbòǹgbò tí bàbá àgbà yàn ni tòótọ́, ìyẹn kò jẹ́ irọ́. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, wá kó wọn, n óò sì wá sí Mọ́níyà fúnra mi wá so ọsàn dídùn mọ́ èyí tí o bá fẹ́ lára wọn. Ọwọ́ mi ṣì lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n máa bọ̀ ní Sátidé náà. Má kó àwọn ọkùnrin yẹn wá, ìwọ nìkan ni kí o wá. Bí o bá dé, má wọlé. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, n óò ti gbé àga méjì síbẹ̀. Jókòó tì mí, kí o bi mí ní ìbéèrè tí ìyá rẹ bi mí. Bi mí bó ṣe bi mí gan-an. Mo fẹ́ dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí rẹ.